Bẹ́ ẹ ṣe máa gba nọ́ńbà àti ìnṣọ́ránsì fún mọ́tò tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tò nílùú Ọba

Kẹ́ ẹ tó mú sípánà, ẹ wá páálí kan. Gbogbo rìsíìtì tẹ́ ẹ bá gbà lórí mọ́tò yẹn, inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa jù ú sí, ti ṣáàsì o, ti ẹ́ńjìnnì o, ti nọ́ọ̀tì pàápàá, kẹ́ ẹ sì máa ya fọ́tò bẹ́ ẹ ṣe ń tò ó lọ. Nílé, tẹ́ ẹ bá ra tòkunbọ̀, ẹ fún ẹnì kan lówó, ó lọ bá yín ṣe pátíkúlà, ó gbé e dé lálẹ́, ó parí. Mọ́tò kíìtì, ìyẹn èyí tí wọ́n kó ẹ̀yà ara ẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ lọ tò ó nínú gáréèjì, kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fún mọ́tò ní nọ́ńbà, tó wà ní Swansea, fẹ́ mọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ti wá.

Tó bá jẹ́ tuntun ni gbogbo ẹ̀ látọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ta kíìtì náà (wọ́n gbà kí ẹyọ kan jẹ́ èyí tí wọ́n tún ṣe dáadáa, tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rí), wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà tuntun. Tẹ́ ẹ bá tú mọ́tò àtijọ́ kan, ká ní Mazda MX-5, tẹ́ ẹ kó méjì nínú àwọn ẹ̀yà ńlá ẹ̀ sórí ṣáàsì tuntun, nọ́ńbà tó bá ọjọ́ orí MX-5 yẹn mu lẹ máa gbà. Tí wọn ò bá wá rí orí àti ìdí mọ́tò yín, nọ́ńbà tó fi Q bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa fún yín. Q ò pa èèyàn o, mọ́tò á rìn, àmọ́ àwọn oníṣọ́ránsì kan á ti máa fajú ro tí wọ́n bá rí i, ẹ ò sì lè yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ gbé nọ́ńbà orúkọ yín síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lálàá ADE 1, ẹ gbọ́ báyìí.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. IVA ló ṣáájú, ìyẹn àyẹ̀wò tí DVSA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò mọ́tò, máa ń ṣe fún mọ́tò ẹyọ kan bíi tiyín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ mú ọjọ́. Ẹ má fi wé MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún mọ́tò, rárá. Èmi ti fi gbogbo ọkàn mi sí bírékì àti stíárìn, mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa fẹ̀sùn kàn mí. Ọkùnrin tó ṣàyẹ̀wò mi ò tiẹ̀ kọ́kọ́ wo ẹ́ńjìnnì. Ó mú bọ́ọ̀lù kan tó fẹ̀ ní mílímítà 100, ó ń yí i kiri lára mọ́tò, ibikíbi tí bọ́ọ̀lù yẹn bá ti lè kàn, etí irin tó wà níbẹ̀ ò gbọ́dọ̀ mú, ó gbọ́dọ̀ yí kọ́rọ́ tó mílímítà 2.5. Ó dé abẹ́ mọ́dígáàdì iwájú, bọ́ọ̀lù lọ kan irin pẹlẹbẹ tí mo fi gbá a mú, ó fi ìka ra á, ó wò mí, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó tún rí orí bóòtù méjì tí mi ò fi rọ́bà dé. Bí mo ṣe fèèlì nìyẹn! Rọ́bà tí owó ẹ̀ ò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ fi rọ́bà sí gbogbo etí tẹ́ ẹ bá rí, kẹ́ ẹ tún padà wá wò ó lóru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Àwọn míì tó máa ń gba èèyàn lẹ́sẹ̀: spídómítà gbọ́dọ̀ máa ka máìlì, ó lè sọ pé ẹ ń sáré díẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe ń sá lọ, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ ń rọra. Iná kùrukùru ẹ̀yìn, àárín ló ń wà tàbí ọwọ́ ọ̀tún. Iná iwájú gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ sápá òsì torí apá òsì la ti ń wakọ̀ níbí, ẹni tó bá ra iná láti Amẹ́ríkà tàbí tó kó o wá láti Èkó, kó yáa wò ó dáadáa.

Ẹ lè wà á lọ síbi àyẹ̀wò tẹ́ ẹ ti mú ọjọ́ sí láìní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀. Nọ́ńbà ṣáàsì ni wọ́n máa fi kọ ọ́. Èmi o, mo fi tírélà gbé e, àyà mi ò gbà á.

Tẹ́ ẹ bá ti yege, ẹ gba sátífíkéètì, kẹ́ ẹ kọ fọ́ọ̀mù V55 àti V627/1, ẹ kó páálí rìsíìtì jáde, fọ́tò, ìwé ẹ̀rí orúkọ àti àdírẹ́sì, £55 owó rẹ́jísítà àti owó tax, ẹ fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí Swansea. Ẹ ṣe kọ́pì ohun gbogbo kó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹni tó bá jẹ́ pé òkè òkun ló ti tò ó kó tó kó wá síbí, kó sọ fún HMRC, àwọn tó ń gba owó orí, nípasẹ̀ NOVA, ètò tí wọ́n fi ń sọ pé mọ́tò ti wọ̀lú, láàárín ọjọ́ 14 tí mọ́tò bá dé, láìsí ìyẹn DVLA ò ní dá a lóhùn. Tẹ́ ẹ bá ti gbé níta ìlú Ọba fún oṣù 12, tẹ́ ẹ sì ti ń lo mọ́tò náà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ẹ bèèrè Transfer of Residence, ìyẹn àǹfààní àwọn tó ń kó wá gbé ìlú Ọba, kí wọ́n lè yọ owó orí kúrò, ẹ kàn má tà á kí ọdún kan tó pé ni.

Ó ku ìnṣọ́ránsì. Àwọn wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n ti ń fowó wéra máa béèrè nọ́ńbà mọ́tò, wọn ò ní mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ, torí náà ẹ pe bùrókà tó ń ṣe mọ́tò kíìtì lórí fóònù. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀: ẹ́ńjìnnì wo ló wà níbẹ̀, ta ló tò ó, ṣé gáréèjì ló ń sùn àbí títì. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye tẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí pé mọ́tò náà tó sínú ìwé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tó bá jóná, wọ́n á wo iye tó ń lọ lọ́jà, páálí rìsíìtì yín á sì máa wò yín. Ẹ má fi orúkọ bùrọ̀dá tó ti pẹ́ níbí ṣe awakọ̀ gidi kí owó lè wálẹ̀, ẹjọ́ ni.

Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà, oṣù 12 péré ló fi wúlò níbí látìgbà tẹ́ ẹ ti di ará ibí, lẹ́yìn náà ẹ gba provisional, láísẹ́ǹsì ẹni tó ń kọ́ mọ́tò, kẹ́ ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì. Tí wọ́n bá sì mú yín láìní ìnṣọ́ránsì, £300 àti póìntì mẹ́fà ni, póìntì mẹ́fà láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ sì ti gba láísẹ́ǹsì tuntun yẹn lọ́wọ́ yín.

Tí V5C, ìwé rẹ́jísítà mọ́tò yín, bá dé, kẹ́ ẹ tó máa pariwo, ẹ gbé e lọ sídìí mọ́tò kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ṣáàsì inú ẹ̀ wé èyí tó wà lára mọ́tò. Tèmi, wọ́n fi O kọ ibi tó yẹ kó jẹ́ òdo.