Bó o ṣe máa mọ 福 (fú) dénú, kì í ṣe kó o kàn máa yà á

Tó o bá ti rí fọ́tò ilé àwọn ará Ṣáínà lásìkò ọdún tuntun wọn, wàá ti rí bébà pupa tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà lára ẹ̀, nígbà míì wọ́n á tún dorí ẹ̀ kodò. Èmi kọ́kọ́ rò pé ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ò mọ̀wé ni o. 福 nìyẹn, ire ni ìtumọ̀ ẹ̀.

Ohùn ẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ mú. Àmì orí fú yẹn jọ àmì òkè tiwa gan-an, má jẹ́ kó tàn ẹ́ jẹ, ohùn ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti àárín á wá gùn lọ sókè, bí ìgbà téèyàn ò gbọ́rọ̀ tó wá ní "ẹ̀ẹ́n?" Fū tó wà lókè látìbẹ̀rẹ̀ dópin, 夫, ọkọ nìyẹn, fù tó ń já wálẹ̀, 父, bàbá ni. Ṣé àwa náà mọ bí ohùn ṣe ń yí ọ̀rọ̀ padà, torí náà kò yẹ kó nira jù.

Ó kan kíkọ. Ìlà 13 ni. Apá òsì, 礻, ìlà 4, ohun tó jẹ mọ́ òrìṣà àti ètùtù ló máa ń sọ. Tó o bá fi tóótòò kan kún un, ó ti di 衤, ti aṣọ nìyẹn, àìmọye ìgbà ni mo ti ṣe é. Apá ọ̀tún ni 一, 口 àti 田: ení, ẹnu, oko. Àwọn kan á ní oko tó ń bọ́ ẹnu ni, ó dáa fún ìrántí sha, àmọ́ ìkòkò ọtí ni wọ́n ń yà síbẹ̀ láyé àtijọ́, tí wọ́n gbé síwájú ojúbọ. Tó o bá ń kọ 田, wọlé tán kó o tó ti ilẹ̀kùn, ìlà ìsàlẹ̀ ló kẹ́yìn.

Ire yìí, márùn-ún ni wọ́n kà á sí, 五福: ẹ̀mí gígùn, ọrọ̀, àlàáfíà, ìwà rere, àti ikú wọ́ọ́rọ́wọ́. Àdán náà ń jẹ́ biānfú, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń ya àdán márùn-ún sára abọ́ àti aṣọ.

Dídorí kodò ńkọ́? 倒 (dào) ni kí nǹkan dorí kodò, 到 (dào) ni kó dé, ohùn kan náà. Tẹ́nì kan bá wá pariwo pé fú ti dorí kodò, ohun tí gbogbo ilé gbọ́ ni pé ire ti dé. Àwọn kan ò jẹ́ ṣe é lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé o, wọ́n ní ibẹ̀ yẹn, kó dúró ṣánṣán.