Bí a ṣe ń jẹ́rìí Jésù láì sọ ara wa di ọ̀gá ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe ìhìnrere ló ń lé àwọn èèyàn sá, àwa tí à ń sọ ọ́ ni. Èèyàn lè sọ òdodo ọ̀rọ̀ láti inú Bíbélì kí ẹni tó gbọ́ ọ ṣì délé kó ní wọ́n bú òun lónìí. Ẹ má sì rò pé tí ẹ bá ti fajú ro, tí ẹ ń fi ohùn pẹ́lẹ́ sọ̀rọ̀ bí aláìsàn, ìrẹ̀lẹ̀ ti dé nìyẹn o, mo mọ àwọn tí ohùn wọn tutù bí omi àmù tó jẹ́ pé ìgbéraga ló kún inú wọn fọ́fọ́.

Ohun àkọ́kọ́, ẹ béèrè kí ẹ tó sọ. Ẹ lọ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8, ẹ wo Fílípì pẹ̀lú ìwẹ̀fà ará Etiópíà yẹn, èèyàn ńlá ni ọkùnrin náà o, òun ló ń mójú tó gbogbo ìṣúra ọbabìnrin wọn. Ẹ̀mí Mímọ́ fúnra rẹ̀ ló rán Fílípì, síbẹ̀ tó débẹ̀ kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń kà, ó wá bi í bóyá ohun tó ń kà yé e. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwẹ̀fà yẹn ló ní kó gòkè wá jókòó ti òun, òun náà ló tún béèrè pé ta ni wòlíì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ibi tó ń kà nínú ìwé Aísáyà gan-an ni Fílípì sì ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní àwa ni, à bá ti dá a padà sí Jẹ́nẹ́sísì orí 1 kó tó mí.

Ìbéèrè tí mò ń sọ, kó jẹ́ èyí tí ẹ fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ lóòótọ́. "Tí ẹ bá kú lálẹ́ òní, ibo lẹ máa lọ?" Lójú tèmi, tó bá jẹ́ òun lẹ fi ṣí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, pákúté ni, onítọ̀hún sì mọ̀ pé pákúté ni. Ẹ bi í nípa ohun tó gbà gbọ́, ibi tí ẹ̀sìn ti dùn ún rí, kí ẹ wá panu mọ́. Jésù alára, létí kànga ní Samáríà, omi ló kọ́kọ́ tọrọ lọ́wọ́ obìnrin yẹn, Òun tó ní omi ìyè lọ́wọ́. Torí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ náà ní nǹkan tó máa fún yín.

Ibi tó le jù rèé: ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "mi ò mọ̀". Ká ní ẹnìkan tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ pàdánù ìyá rẹ̀, ó wá kọjú sí yín, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní Ọlọ́run ń wo aláìsàn, ẹ gbàdúrà, mo gbàdúrà, kí ló wá dé?" Ọwọ́ á ti máa yún yín láti ṣí Bíbélì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ò tó, kódà "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe" tí a máa ń sáré sọ yẹn, ìgbà míì a kàn fi ń sá fún ẹkún ẹlòmíì ni. Ẹ ní, "Mi ò mọ̀ o. Ẹ pẹ̀lẹ́. Irú èèyàn wo ni màmá?" Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ màmá títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ jókòó gbọ́ ọ. Ọkùnrin afọ́jú inú Jòhánù orí 9, nígbà tí àwọn Farisí ń da ìbéèrè bò ó, ohun tí ò mọ̀, ó ní òun ò mọ̀, ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni pé òun fọ́jú tẹ́lẹ̀, òun ti ríran báyìí, gbogbo ìmọ̀ ìwé wọn ò sì rí ọ̀nà gbé e gbà.

Tó bá wá kan ẹ̀rí tiyín, ẹ fetí sí i dáadáa, tí ẹ bá yọ Ọlọ́run kúrò nínú ìtàn yẹn tí ìtàn náà ṣì dúró dáadáa, àwẹ̀ tí ẹ gbà, àdúrà òru tí ẹ gbà, ìgboyà yín, ara yín lẹ ń polówó yẹn.

Mo tún bẹ̀ yín, ẹ fi fóònù sápò. Ẹni tó ń sunkún, tó ń fayé rẹ̀ fún Kristi, kì í ṣe fọ́tò tí a ó gbé sí Facebook ká lè ka iye ọkàn tí a jèrè. Pọ́ọ̀lù ní òun gbìn, Àpólò bomi rin, Ọlọ́run ló mú un dàgbà, iṣẹ́ tí ọwọ́ mẹ́ta wà nínú rẹ̀, ẹ wá ń dá fọwọ́ sọ̀yà. Tí wọ́n bá sì ń yìn yín jù, ẹ tètè dá wọn lẹ́kun. Ní Lísírà, wọ́n pe Bánábà ní Súúsì, wọ́n pe Pọ́ọ̀lù ní Hẹ́mísì, orúkọ àwọn òrìṣà wọn nìyẹn, wọ́n tiẹ̀ ti ń fa màlúù bọ̀ láti fi rúbọ sí wọn, àwọn méjèèjì bá fa aṣọ ara wọn ya, wọ́n kígbe pé èèyàn bíi tiyín la jẹ́. Kò pẹ́ rárá, ìlú yẹn kan náà ni wọ́n ti sọ Pọ́ọ̀lù lókùúta, ẹ lè fìyẹn díwọ̀n iye tí àpọ́nlé èèyàn tó.

Tí ẹlẹgbẹ́ yín bá wàásù tó ṣì í sọ, ẹ ṣe bíi Àkúílà àti Pírísílà, apákan ni wọ́n mú Àpólò lọ kí wọ́n tó là á yé e, Àpólò tó mọ̀wé tó sì mọ̀rọ̀ ọ́ sọ náà sì gbà kí àwọn tó ń pàgọ́ tà kọ́ òun.

Tí ẹni tí ẹ ń jẹ́rìí fún bá ní òun ò fẹ́ gbọ́ mọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó fún yín láyè, ẹ má fi iná ọ̀run àpáàdì lé e lẹ́yìn bó ṣe ń lọ. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá tún pàdé, ẹ kí i bí ẹ ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀, kí ẹ béèrè àwọn ọmọ, tó bá lẹ́rù lọ́wọ́ kí ẹ bá a gbé e.