Ọmọ ti lanu sọ̀rọ̀, àwa la wá bà á jẹ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níléèwé pámárì lórí ààbò ọmọ

Ẹ rìn láti Lágere dé Mayfair nílé-Ifẹ̀ níbí kẹ́ ẹ wo àwọn iléèwé tó wà lójú ọ̀nà, fẹ́ǹsì gíga, àfọ́kù ìgò lórí ẹ̀, géètì onírin, gétímáànù tó ń bi èèyàn léèrè bíi kọ́sítọ́ọ̀mù. Kò burú, gbọ́mọgbọ́mọ là ń sá fún. Ṣùgbọ́n ká má tanra wa o, ẹni tó máa ń fọwọ́ kan ọmọ níbi tí ò yẹ, lọ́pọ̀ ìgbà ẹni tọ́mọ mọ̀ dáadáa ni, àbúrò dádì, tíṣà lẹ́sìn, ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn. Fẹ́ǹsì ò lè dá yẹn dúró. Ohun tó lè dá a dúró ni pé ọmọ sọ ọ́ fún tíṣà ẹ̀, ibẹ̀ gan-an la sì ti máa ń bà á jẹ́.

Bó ṣe máa ń lọ rè é. Ọmọ pámárì 3 kan sún mọ́ tíṣà ẹ̀ lásìkò bíréèkì, ó ń fi etí yunifọ́ọ̀mù ẹ̀ wé ìka, ó ní "Àǹtí, Bọ̀dá oníkẹ̀kẹ́ yẹn máa ń fọwọ́ kàn mí nídìí." Àǹtí pariwo "Yéè! Jésù!", gbogbo kíláàsì yíjú. Ká tó wí ká tó fọ̀, HM (ọ̀gá iléèwé) ti ránṣẹ́ pe Bọ̀dá oníkẹ̀kẹ́ wá sí ọ́fíìsì, wọ́n ní kọ́mọ dúró síwájú ẹ̀, "ó yá, tún un sọ kó gbọ́." Ọkùnrin yẹn ti dọ̀bálẹ̀, ó ń fi Bíbélì búra. Ọmọ wò ó, ó wo HM, ó ní "irọ́ ni mo pa, ma." Wọ́n ní fíìmù tó ń wò ti pọ̀ jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kẹ̀kẹ́ yẹn náà ló gbé e lọ sílé.

Ariwo yẹn nìkan ti sọ fọ́mọ pé ohun tóun sọ burú. Èyí tó wá burú jù ni kí wọ́n pe ẹni tọ́mọ dárúkọ wá síwájú ọmọ. Ọmọ ọdún méje wo ló máa dúró síwájú àgbàlagbà tó ti ń halẹ̀ mọ́ ọn kó tún un sọ, pàápàá ọmọ tiwa tá a ti kọ́ pé kò gbọ́dọ̀ já àgbà nírọ́? Ẹ ti ta ọkùnrin yẹn lólobó nìyẹn, tí nǹkan kan bá wà lórí fóònù ẹ̀, á ti pa á rẹ́ kílẹ̀ tó ṣú.

Àwọn míì ò ní pariwo, wọ́n á kàn ṣèlérí pé "sọ fún mi, mi ò ní sọ fẹ́nì kankan." Ẹ ò lè mú un ṣẹ, ẹ má ṣe é. Àwọn kan á sọra wọn di lọ́yà: "ṣó bọ́ pátá ẹ? ṣé ní Tuesday ni?" Tíṣà á bi í, HM á bi í, ìyá ẹ̀ á tún bi í lálẹ́, nígbà tó bá fi máa dọ́dọ̀ ọlọ́pàá ọ̀rọ̀ ti dojú rú, lọ́yà ẹni yẹn á ní ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. "Kí ló ṣẹlẹ̀?" ti tó, kẹ́ ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ sọ fún un pé ó ṣe dáadáa tó sọ ọ́, pé òun kọ́ ló jẹ̀bi, pé ẹ máa sọ fẹ́ni tó lè ràn yín lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ gan-an, ẹ má bá a tún un ṣe, déètì, aago, kẹ́ ẹ sáìn ín.

"Ẹ jẹ́ ká parí ẹ nítùbí-ìnùbí." Háà, àwọn HM wa fẹ́ràn eléyìí! Wọ́n á pe bàbá, wọ́n á pe pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù, wọ́n á gbowó ìtọ́jú, wọ́n á ní kórúkọ ọmọ má bàa bà jẹ́ (orúkọ iléèwé ni wọ́n ń sọ jàre). Kò sí lọ́wọ́ yín. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ọ̀ṣun náà ti sọ dòfin tiẹ̀, ọmọdé lẹni tí ò tí ì pé ọdún 18, ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin àpapọ̀ yẹn sì kọ fẹ́ni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀, kódà kó ní ọmọ náà gbà. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí Wẹ́fíà, àwọn tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọdé ní lókà gọ́fúmẹ̀ǹtì, lẹ máa gbé e lọ. Tó bá sì jẹ́ ará ilé lọmọ dárúkọ, ẹ má kọ́kọ́ pe ilé.

Ìyá ọmọ á ti gbé omi gbóná kaná. Àánú ni o, ṣùgbọ́n ẹ má wẹ̀ fún un, ẹ má fọ pátá yẹn, ẹ̀rí lè wà níbẹ̀. Tó bá ti bọ́ ọ, inú báàgì bébà ni kẹ́ ẹ kó o sí, náílọ́ọ̀nù á jẹ́ kó bu. Kẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ sọ́sibítù: Teaching Hospital wà nífẹ̀ẹ́ níbí, Wesley Guild wà fáwọn tó wà lápá Iléṣà. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàrin wákàtí 72, bó bá ṣe tètè yá ló ṣe dáa, ọjọ́ 28 ni wọ́n á fi lò ó. Wákàtí 72 ti kọjá? Ẹ ṣì gbé e lọ.

Àwọn tó kù, mi ò ní fa gígùn. Ẹ yéé rán ọmọ lọ sílé tíṣà lọ gbé fúláàsì oúnjẹ. Lẹ́sìn ọmọ kan pẹ̀lú tíṣà kan nínú yàrá tí wọ́n tilẹ̀kùn ẹ̀, rárá. "Ọmọ ìjọ wa ni" kì í ṣe ìdí láti gba dẹ́rẹ́bà tẹ́ ò wádìí ẹ̀ níbi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Fótò ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù, tórúkọ ẹ̀ hàn, kì í ṣe ohun tí tíṣà á máa gbé sórí status WhatsApp.

Ti géètì ló kù. Ẹnì kan dé ní aago méjì, ó ní mọ́mì ọmọ ló rán òun, ó tiẹ̀ mọ orúkọ oríkì ọmọ náà. Tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí lára àwọn tí òbí kọ sílẹ̀, nọ́mbà tó wà nínú fáìlì yín ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe èyí tó fẹnu ara ẹ̀ pè fún yín, kọ́mọ jókòó sí ọ́fíìsì HM títí mọ́mì á fi gbé e, kódà tí ẹni yẹn bá ń bínú ní géètì pé ẹ fojú olè wo òun.