Másítà Kọ̀ǹpútà láti Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹnu Ọ̀nà Gbòòrò, Inú Ilé Ló Há

Ẹ má tíì pa adìyẹ nítorí lẹ́tà ìgbaniwọlé. Ìyẹn ni mo fẹ́ fi ṣáájú, torí pé àwọn tó máa ń dá mi dúró ládùúgbò Under G kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ka másítà ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà láì kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí wọ́n ṣe gbà mí wọlé ni gbogbo wọn ń béèrè. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tójú mi rí lẹ́yìn tí mo wọlé tán. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Georgia Tech ni ilé ẹ̀kọ́ náà, ní Atlanta. OMSCS ni wọ́n ń pe ètò másítà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 2013 pẹ̀lú Udacity, ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ilé iṣẹ́ fóònù AT&T, àwọn àkọ́kọ́ sì wọlé ní Oṣù Kìíní ọdún 2014. Owó rẹ̀ ló fa ariwo nígbà náà: àpapọ̀ rẹ̀ kò tó dọ́là 7,000, nígbà tí ẹni tó jókòó sí kíláàsì lọ́hùn-ún ń san ìlọ́po-ìlọ́po rẹ̀. Kọ́ọ̀sì 10 ni, yúnìtì mẹ́ta-mẹ́ta, ọdún 6 ni wọ́n sì fún ni láti fi parí rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí kan náà ni tiwa àti tàwọn tó wà ní Atlanta. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára rẹ̀ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti kà á.

Nígbà tí mo sọ ọ́ níléèwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ wọn ní físíìsì bú sẹ́rìn-ín. "Ìwé ẹ̀rí orí fóònù yẹn náà lo fẹ́ fi di ọ̀mọ̀wé?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o." Láti 1984 ni wọ́n ti dá National Technological University sílẹ̀ ní Fort Collins, ní Colorado, tí wọ́n ń fi sátẹ́láìtì gbé kíláàsì másítà ẹnjiníà láti oríṣiríṣi yunifásítì lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ wọn. Nílé níbí, 1988 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ láti ilé tirẹ̀. NOUN wá ńkọ́, yunifásítì tí wọ́n ń kà láti ilé, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1983, tí àwọn ológun tì pa ní 1984, kí Ọbásanjọ́ tó jí i dìde? Ẹ̀gbọ́n kàn wò mí, wọ́n ní kí n má gbàgbé ìpàdé ọ̀sán.

Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kò le. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti ń kọ ọ́, ó máa ya àwòrán tránskírípìtì rẹ̀ sí i, á sọ iṣẹ́ tó ti ṣe, á sì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìdí tó fi fẹ́ kàwé. Wọ́n fẹ́ kí máàkì èèyàn tó 3.0 nínú 4.0. Ti LAUTECH, yunifásítì ìlú wa níbí tí mo ti jáde, 5 ni wọ́n fi ń ṣírò; bó ṣe wà nínú ìwé mi ni mo ṣe kọ ọ́, n kò fúnra mi pààrọ̀ nọ́ńbà kankan. Lẹ́tà ìjẹ́rìí ló gba kí n rìn. Mẹ́ta ni wọ́n fẹ́, ọwọ́ ẹni tó ń jẹ́rìí ni wọ́n sì ti ń gbà á tààrà; èèyàn kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un lọ.

Mo lọ bá olùkọ́ tó darí pròjẹ́ẹ̀tì mi ní LAUTECH. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀. Sẹ́ẹ̀tì wo nìyí?"

Mo sọ fún wọn. Ojú wọn là. "Ìwọ tó ṣe èyí tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀! Kí lo wá gbà, tránskírípìtì?"

"Rárá, sà. Lẹ́tà ìjẹ́rìí ni. Wọ́n máa fi línkì ránṣẹ́ sí yín, mo sì fẹ́ kó jẹ́ ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ ni, kí wọ́n má bàa rò pé èmi ni mo jókòó sílé tí mo kọ ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "O ò purọ́. Ó dáa, jókòó. Sọ gbogbo ohun tó o ti ṣe látìgbà tó o ti jáde fún mi, kí n má lọ kọ pé ọmọ dáadáa ni ọ́, kí n sì dákẹ́ síbẹ̀." Wọ́n wá mú bírò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, irú ẹni tó máa mú bírò báyìí ni kẹ́ ẹ wá, kódà bí kì í bá ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n.

Owó wá kàn. Ní 2022 ni ọ̀pọ̀ báǹkì ní kí káàdì náírà má ṣiṣẹ́ lókè òkun mọ́, nítorí náà, n kò lè fi káàdì san án nígbà tèmi. Ọ̀nà tí ìjọba là sílẹ̀ ni Form A, ìwé tí a ń kọ sí báǹkì kí wọ́n lè ta dọ́là owó ilé ẹ̀kọ́ fún ni ní iye ìjọba. Wọ́n máa béèrè lẹ́tà ìgbaniwọlé, ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ kọ iye owó sí, àti pásípọ́ọ̀tù. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí báǹkì mi. "Ẹ padà wá lọ́la" ni wọ́n fi ṣe orin. Ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ dá fún owó kì í sì í sún: ẹni tí kò bá san án, wọ́n máa yọ ọ́ kúrò nínú kọ́ọ̀sì tó ti mú. Àkántì dọ́là ló gbà mí. Mo ń ṣe iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù fún àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, mo wá ní kí wọ́n máa san owó mi síbẹ̀, n kò sì fọwọ́ kan án àfi tí sẹ̀mẹ́sítà bá dé. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi 470 ní iye ìjọba kọjá 700 kí oṣù náà tó parí, àwọn tó ń dúró de Form A kígbe. Èmi náà kígbe, ṣùgbọ́n nítorí gáàrì ni.

Ẹ wá jẹ́ ká wọnú ilé. Wọ́n ń gba èèyàn púpọ̀. Àwọn tó ń kà á lẹ́ẹ̀kan náà kárí ayé ti lé ní 10,000. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ torí pé kò sí àga tí yóò kún. Òfin kan ló ń sẹ́ wọn bí ẹní sẹ́ ògì: láàárín oṣù 12 àkọ́kọ́, ẹ gbọ́dọ̀ mú kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ sì gba B ó kéré tán nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kọ́ọ̀sì méjì yẹn gan-an ni ìdánwò àbáwọlé. Lẹ́tà tí wọ́n kọ́kọ́ fún yín, ìwé àṣẹ láti wá gbìyànjú ni.

Èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni CS 6200, ẹ̀kọ́ nípa operating system, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, tí Ada Gavrilovska ń kọ́. Èdè C ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kéèyàn kọ ẹ̀rọ tí yóò máa fi fáìlì ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ọ̀gá kan tó ń gba iṣẹ́ wọlé àti àwọn thread, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ inú ẹ̀rọ náà, tó ń ṣe é. Nínú fídíò, ṣọ́ọ̀bù ìṣeré ọmọdé ni olùkọ́ fi ń ṣàpẹẹrẹ. Kò wọ̀ mí létí. Ọjọ́ kan tí mo dúró lórí ìlà níwájú ìyá alámàlà ní Takie ló tó yé mi. Ọmọbìnrin kan ń gba owó, ó ń ké ohun tí oníbàárà fẹ́, ọ̀gá nìyẹn. Àwọn mẹ́ta ń bù. Ṣùgbọ́n ṣíbí kan ṣoṣo ló wà nínú ìkòkò gbẹ̀gìrì, ẹni tó bá mú un, àwọn yòókù á dúró: ohun tí wọ́n ń pè ní mutex rè é. Nígbà tí kò bá sí oníbàárà, wọn kì í sáré lọ béèrè níwájú ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Wọ́n á jókòó títí ọmọbìnrin yẹn yóò fi ké pè wọ́n. Ohun tí wọ́n ń pè ní condition variable, tí thread fi ń dúró de ìpè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jẹun tán, mo lọ sílé, mo pa kóòdù tí mo ti kọ rẹ́, mo tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ ló ń máàkì iṣẹ́ náà, iye ìgbà tẹ́ ẹ lè fi ránṣẹ́ lóòjọ́ sì níwọ̀n. Nítorí náà, ẹni tí kò bá dán iṣẹ́ rẹ̀ wò dáadáa nílé, tó fi ń ta ayò pẹ̀lú ẹ̀rọ, ilẹ̀ á ṣú bá a.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá agbára yín gbé e, ẹ wo fídíò kọ́ọ̀sì náà kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Wọ́n gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn síta lọ́fẹ̀ẹ́. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá tíì kọ C rí, kó fi oṣù díẹ̀ kọ́ ọ kó tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Ti àkókò: Atlanta fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, mẹ́fà nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ kan máa ń lo àkókò ibi tí ọjọ́ ti ń pẹ́ tán jù lágbàáyé, débi pé tí wọ́n bá ní 11:59 alẹ́ ọjọ́ Àìkú, aago kan ọ̀sán ọjọ́ Ajé ku ìṣẹ́jú kan ni tiwa. Ààrọ̀ Ajé ti gba ẹ̀mí iṣẹ́ mi là lọ́pọ̀ ìgbà.

Ní ti iná, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ẹni tí kò bá ní íńfátà àti páńẹ́ẹ̀lì sólà díẹ̀, kó kọ́kọ́ fi owó síbẹ̀. Òru ni mo ń wa fídíò sílẹ̀, tí dátà dínwó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń sáré.

Òru náà ni mo ń ṣe ìdánwò. Wọ́n máa ń fún wa ní ọjọ́ mélòó kan, kí kálukú mú wákàtí tó wù ú. Kámẹ́rà kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ni: ẹ máa gbé pásípọ́ọ̀tù sókè, ẹ máa yí kámẹ́rà ká gbogbo yàrá, abẹ́ tábìlì pàápàá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, màmá onílé wa rí iná yàrá mi ní aago mẹ́ta, wọ́n kan fèrèsé.

"Bàbá Tóbi, ṣé kò sí? Ṣé ara ò yá ni?"

N kò lè dáhùn, mo kàn ń wo iwájú bí ère. Wọ́n kàn án títí wọ́n fi lọ jí ìyàwó mi. Fídíò gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn ló ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí. Láti ìgbà náà, màmá ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọjọ́ ìdánwò fún.

Bí ìbéèrè bá wà, àwọn olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ ń dáhùn kíákíá. Ní 2016, Ashok Goel, tó ń kọ́ kọ́ọ̀sì kan nípa ọgbọ́n àtọwọ́dá, fi ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Jill Watson sáàárín wọn. Ó ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn, wọn ò sì mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn. Àwọn tó dá mi lóhùn, mo gbà pé èèyàn ni wọ́n, torí ọ̀kan nínú wọn bínú sí mi.

Kọ́ọ̀sì Graduate Algorithms, ẹ̀kọ́ nípa ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń yanjú ìṣòro ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, ni mo fi kádìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi í sígbẹ̀yìn torí àyè rẹ̀ kì í tètè kan ẹni tuntun. Ó le. Mo gba B, mo sì dúpẹ́.

Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá tó, kó wo ti Yunifásítì Colorado ní Boulder, lórí Coursera, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í béèrè tránskírípìtì fún másítà ẹnjiníà iná àti ti kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá gba B nínú àwọn kọ́ọ̀sì àbáwọlé ti wọlé nìyẹn. Másítà kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Yunifásítì Texas ní Austin wà ní nǹkan bíi dọ́là 10,000. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ pé afárá tàbí irin ló fẹ́ kà, tó nílò láàbù tí wọ́n ti ń fọ́ kọnkéré wò, kò ní rí ìyẹn nínú kámẹ́rà; kó lọ béèrè fọ́ọ̀mù másítà ní LAUTECH.