Bí ẹ ṣe máa ra ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò ní Ìlú Ọba lẹ́yìn tí wọ́n ti rí jẹjẹrẹ lára yín

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí Ìbàdàn láti ìgbà tí wọ́n ti gé ọmú mi òsì. Gbogbo ìgbà tí mo bá padà dé ni ẹnìkan máa ń pè mí sí kọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe rí ìnṣọ́ránsì rà? Èmi ò rí." Ó wà o. Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ni kò dáa.

Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó yín bóyá ẹ lè wọ ọkọ̀ òfuurufú lásìkò tí ẹ fẹ́ lọ. Ìyẹn ò le. Lẹ́yìn náà, ẹ kó bébà yín jọ. GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, lè gba owó kó tó kọ lẹ́tà fún yín, àmọ́ ẹ wo inú dúrọ́ọ̀ yín ná: tí dókítà ọsibítù bá kọ̀wé sí GP, wọ́n sábà máa ń fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí yín. Orúkọ jẹjẹrẹ náà, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kẹ́mò (oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ) tí ẹ gbà, oògùn tí ẹ ń lò, ó máa ń wà níbẹ̀. Inú fáìlì oníke tí mo rà ní £1 ni mo ń kó tèmi sí. Mo sì da gbogbo ẹ̀ kọ sójú ewé kan ṣoṣo, títí kan ẹ̀jẹ̀ ríru mi, torí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á béèrè ìyẹn náà. Ẹ má kọ ọ́ sínú fóònù. Fóònù yẹn náà lẹ máa fi pè wọ́n.

Ibi tó ń da gbogbo èèyàn rú ló kù báyìí: ẹnu.

Fọ́ọ̀mù á béèrè bóyá ẹ ti ní àìsàn kankan rí. Ọwọ́ àwọn èèyàn wa á yára lọ sí "Rárá". Ẹlòmíì ò fẹ́ pe orúkọ ẹ̀. "Nǹkan yẹn" ló ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún un. Ẹlòmíì ti jẹ́rìí níwájú ìjọ pé Olúwa ti wo òun sàn, ó wá ń rò pé tí òun bá kọ ọ́ sílẹ̀, òun ti sẹ́ ẹ̀rí òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rí yín dúró. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò ò béèrè ìgbàgbọ́ yín. Ohun tó wà nínú fáìlì GP ni wọ́n ń béèrè, fáìlì yẹn náà ni wọ́n á sì lọ tú wò lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di owó.

Bọ̀dá kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin tẹ "Rárá" ní tiẹ̀. Wọ́n ti tọ́jú jẹjẹrẹ próstéètì rẹ̀ lọ́dún méjì ṣáájú, ara ẹ̀ le koko. Ọjọ́ kẹrin tó dé Ìbàdàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wú, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́: ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan. Jẹjẹrẹ àti ìjókòó gbọọrọ nínú ọkọ̀ òfuurufú, kò sí èyí tí kò lè fa irú ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ GP, wọ́n kà á, wọ́n ní àwọn ò san. Àwọn ọmọ ẹ̀ ló dáwó. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba lọ́dún 2012 ló fún wọn lẹ́nu: tí oníbàárà bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ nígbà tó ń dáhùn ìbéèrè, wọ́n lè fagi lé ìwé rẹ̀, kí wọ́n má san kọ́bọ̀.

Torí náà, fóònù ni kí ẹ fi rà á. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì ò lè gbọ́ àlàyé. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń pè, tí àwọn ọmọ bá ti lọ síléèwé. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Wọ́n á bi yín: irú jẹjẹrẹ wo ni? Ṣé ó ti tàn kálẹ̀? Ìgbà wo lẹ gba ìtọ́jú kẹ́yìn? Ṣé ẹ ń retí èsì àyẹ̀wò kankan? Wọ́n á tún bi yín bóyá dókítà ti sọ pé àìsàn náà ò ní gbóògùn, pé òun ló máa pa yín. Ohùn tí obìnrin náà fi bi mí ní nọ́ńbà ilé mi ló fi bi mí ní ìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì, mo mu omi, mo tún gbé e. Ẹ̀yin ti mọ̀ báyìí pé ó ń bọ̀. Ohun tí dókítà sọ gan-an ni kí ẹ sọ. Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó gbé fóònù, ọjọ́ àti aago sílẹ̀.

Tí ẹ bá ń retí èsì àyẹ̀wò, ẹ jẹ́ kó jáde ná. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní fẹ́ tà fún yín kó tó jáde. Ẹ má sì ní kí ọmọ yín bá yín pè nígbà tí ẹ̀yin wà nídìí iná tí ẹ ń ro ọbẹ̀. Ọmọ lè má mọ̀ pé wọ́n gé nǹkan lábẹ́ abíyá yín náà.

Iye àkọ́kọ́ tí wọ́n máa pè lè pa yín lẹ́rìn-ín. Wọ́n tún lè ní kí àwọn yọ jẹjẹrẹ kúrò nínú ẹ̀ kí owó lè wálẹ̀. Ẹ sá fún un! Tí ẹ̀jẹ̀ bá dì, tàbí tí ara tí kẹ́mò ti gba agbára ẹ̀ bá kó àìsàn, wọ́n á ní jẹjẹrẹ ló fà á. Ẹ béèrè MoneyHelper, iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìnṣọ́ránsì fún ẹni tí àìsàn ńlá wà lára ẹ̀. Láti ọdún 2021 ni òfin ti ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá kọ̀ yín nítorí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ júwe ibẹ̀ fún yín. Mẹ́ta ni mo máa ń pè kí n tó mú ọ̀kan. Ìrìnàjò ẹyọ kan ni mo ń rà, kì í ṣe ti ọdún, mi ò sì ń lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Bí ọjọ́ bá ṣe ń gùn ni owó ń gùn. Ká tiẹ̀ sọ ọ́: káàdì GHIC, káàdì ìtọ́jú òkèèrè tí NHS ń fúnni, tí àwọn kan ń nà síta, Yúróòpù àti ibi díẹ̀ míì ló mọ, kò mọ Nàìjíríà.

Ọjọ́ tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ni kí ẹ ra ìnṣọ́ránsì, kí owó yín má bàa wọgbó tí ara bá ní ẹ ò lọ mọ́. Bí nǹkan bá yí padà lára yín kí ẹ tó gbéra, ẹ tún pè wọ́n. Tí ọkọ yín bá ra tiẹ̀ lọ́tọ̀, kó bi wọ́n bóyá wọ́n á san fún òun náà tó bá jẹ́ àìsàn yín ló dá a dúró. Ẹ wo ohun tí Foreign Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìlú Ọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkèèrè, sọ nípa ìpínlẹ̀ tí ẹ ń lọ. Níbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ má dé, ìwé yín lè má ṣiṣẹ́. Tó bá sì jẹ́ ìtọ́jú lẹ ń lọ gbà, ìnṣọ́ránsì yìí kọ́ nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú (yellow fever) ní kòkòrò ààyè nínú, kì í ṣe fún ẹni tó ń gba kẹ́mò tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á tán. Ibi tí wọ́n ti ń gún un lè fún yín ní ìwé pé ẹ ò lè gbà á. Ẹ fi í sínú pásípọ́ọ̀tù níbi tí yẹ́lò káàdì máa ń wà. Ẹ lo oògùn ibà ẹ̀fọn o: ẹni tó ti pẹ́ ní Ìlú Ọba, ara ẹ̀ ò mọ ibà ilé mọ́. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi han apòògùn, kó má bàa bá oògùn jẹjẹrẹ jà. Inú báàgì ọwọ́ ni gbogbo oògùn máa ń wà, nínú páálí ẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà, pàápàá mọfíìnì àti trámádọ́ọ̀lù, torí NDLEA ò mọ ẹni tí jẹjẹrẹ ń ṣe. Tí mọfíìnì yín bá tó ti oṣù mẹ́ta, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Home Office.

Tí ẹ bá dé Nàìjíríà, ẹ fi nọ́ńbà pàjáwìrì ilé-iṣẹ́ náà sínú fóònù àbúrò yín, torí ó lè jẹ́ òun ló máa pè é. Kí ó pè kí wọ́n tó dá yín dúró sí ọsibítù, bí àyè bá wà. Ọsibítù ilé á ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó sílẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì gbogbo ẹ̀, kódà ti omi tí wọ́n fà sí yín lára. Èyí tí wọ́n bá fi bírò kọ sórí bébà lásán, ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i.