Bí a ṣe ń ṣájì bátìrì inú tírélà láti ara ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí alternator rẹ̀

Àwọn kan lára àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ sí òde àríyá àti àwọn tó ń ta ẹja tútù ní Ìbàdàn ń lo tírélà kékeré tí ọkọ̀ ń fà lẹ́yìn, tí fíríìjì oníbátìrì sì wà nínú rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn Òyìnbó ń lò nínú karafáànù tí wọ́n fi ń lọ ìsinmi. Tẹ́lẹ̀ rí, iṣẹ́ wẹ́rẹ́ ni fún ríwáyà: yóò fa wáyà láti bátìrì ọkọ̀ dé bátìrì tírélà, yóò fi rílè, ìyẹn súwíìṣì tó ń fúnra rẹ̀ dì tó sì ń fúnra rẹ̀ já, sí àárín, ó parí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Yúróòpù láti nǹkan bí ọdún 2015, ọ̀nà yìí kì í sábà kún bátìrì mọ́.

Alternator ni ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná fún ọkọ̀. Èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ a máa mú iná dúró sí nǹkan bí 13.8 sí 14.4 fólítì ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ní ti èyí tuntun, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń pàṣẹ iye tí yóò mú jáde. Nígbà tí bátìrì ọkọ̀ bá ti gba iná tó, yóò dín fólítì kù sí nǹkan bí 12.5 kí ẹrù ẹ́ńjìnnì lè fúyẹ́, kí epo má baà jó púpọ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, yóò gbé e sókè dé nǹkan bí 15, kí eré tí ọkọ̀ ti ń sá bọ̀ lè di iná. Rílè tó ń dì ní 13.3, tó sì ń já ní 12.8, kò lè bá irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ rìn: yóò máa dì, yóò máa já, bátìrì tírélà kò sì ní kún láéláé. Ìgbà tó bá sì dì nígbà tí fólítì wà ní 15, iná náà ti le jù fún bátìrì jẹ́ẹ̀lì, èyí tí omi inú rẹ̀ ki.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ẹ wo orí nẹ́gátíìfù bátìrì. Bí ẹ bá rí àpótí kékeré kan tí wáyà tín-ín-rín jáde lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà máa fi í ka iye iná tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ so mọ́tímítà (ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná) mọ́ bátìrì, kí ẹ wa ọkọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú láìtan iná iwájú, kí ẹnìkejì yín sì máa wo nọ́ńbà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní 14.4, tó wá rọra sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ 13, ẹ ti rí ìdáhùn. Àwọn ríwáyà kan yóò ní kí a yọ wáyà àpótí náà kí alternator lè padà sí ìwà àtijọ́. Nínú àwọn ọkọ̀ kan ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn, nítorí pé iná àṣìṣe lè tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ a sì pàdánù epo tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà láti fi pamọ́.

Ohun tó yẹ ni ṣájà bátìrì-sí-bátìrì, tó ń gba fólítì èyíkéyìí tó bá wọlé, ìbáà jẹ́ 12 tàbí 15, tó sì ń sọ ọ́ di iye tí bátìrì tírélà ń fẹ́ gan-an. Fún bátìrì olómi 100Ah (ìyẹn èyí tó lè gba áḿpù 100 fún wákàtí kan), ṣájà 20 áḿpù ti tó. AGM (bátìrì olóòjé tí wọ́n dí pa) àti lithium lè gba 30. Inú tírélà, nítòsí bátìrì tí yóò ṣájì, ni kí ẹ gbé e sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, nítorí pé ó ń gbóná.

Ibi wáyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣahun owó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ṣájà tó ń tú 30 áḿpù jáde ní 14.4 fólítì ń pèsè 432 wáàtì. Bí a bá ka ohun tó ń ṣòfò mọ́ ọn, yóò fa nǹkan bí 39 áḿpù nígbà tí alternator bá wà ní 12.4. Bí bátìrì méjèèjì bá jìnnà síra ní mítà mẹ́fà, àlọ àti àbọ̀ wáyà di mítà méjìlá. Wáyà bàbà 6 mm² yóò jẹ nǹkan bí fólítì 1.4 lójú ọ̀nà, ṣájà yóò sì rò pé bátìrì ọkọ̀ ti ń kú, yóò pa ara rẹ̀. Wáyà 16 mm² yóò jẹ nǹkan bí ìdajì fólítì. Bí ẹ bá ń rà á ní ọjà Àràròmí ní Agodi Gate, ẹ fi abẹ fá ẹnu rẹ̀ wò: bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ẹ dá a padà. Ẹ má sì ṣe gba inú sọ́kẹ́ẹ̀tì iná ẹ̀yìn tírélà kọjá, nítorí pé àwọn pín-ìnnì rẹ̀ kò lè gbé iná tó pọ̀ báyìí. Púlọ́ọ̀gì Anderson 50 áḿpù, irú èyí tí wọ́n ṣe fún iná ńlá, ni kí ẹ lò.

Ẹ tú orí bátìrì méjèèjì sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀. Fíùsì 50 áḿpù yóò wà nítòsí orí pọ́sítíìfù bátìrì ọkọ̀, kò gbọdọ̀ jìnnà ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Òmíràn, 40 áḿpù, yóò wà nítòsí bátìrì tírélà. Wáyà nẹ́gátíìfù kò gbọdọ̀ wọ orí bátìrì ọkọ̀ níbi tí àpótí kékeré yẹn wà. Irin ara ọkọ̀ ni kí ẹ dè é mọ́, kí kọ̀ǹpútà lè rí iná tí tírélà ń jẹ kó sì kà á. Wáyà tín-ín-rín kan tún kù, èyí tí yóò sọ fún ṣájà pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: ẹ mú un láti ibi tí iná ti ń wá kìkì nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON. Láìsí i, ṣájà lè máa fa bátìrì ọkọ̀ níbi tí ẹ gbé e sí, tàbí kó máa sùn lójú ọ̀nà nígbà tí fólítì bá sọ̀ kalẹ̀.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ yan irú bátìrì tó wà nínú tírélà lórí ṣájà. Bátìrì olómi ń fẹ́ 14.4 fólítì nígbà tí ara rẹ̀ wà ní 25°C, ṣùgbọ́n nínú tírélà tó wà lójú oòrùn Ìbàdàn ní oṣù kẹta, ara rẹ̀ lè dé 40°C, nǹkan bí 14.0 ló sì yẹ kó gbà nígbà náà. Nítorí náà, ẹ ra ṣájà tó ní wáyà ìwọn-ooru, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bátìrì. Lithium kò nílò èyí.

Ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wọn fólítì lórí bátìrì ọkọ̀, lẹ́yìn náà níbi tí wáyà láti ọkọ̀ ti ń wọ ṣájà, nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju 0.5 lọ, ibì kan wà tí kò dì dáadáa tàbí wáyà náà kéré. Ní ti àkókò, bátìrì 100Ah tó ti dé ìdajì nílò ó kéré tán wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú lórí ṣájà 30 áḿpù, fíríìjì yóò sì tún gba tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ìrìn àjò Ìbàdàn sí Èkó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un, ṣùgbọ́n láti Challenge dé Bódìjà kò lè kún un. Nínú gósíló Ìwó Road, níbi tí ẹ́ńjìnnì kò ti yí kíkankíkan, alternator kò lè pèsè iná tó bó ṣe yẹ, nítorí náà ẹ tẹ accelerator díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá rí i pé ṣájà ń já.