Bí Mo Ṣe To Aago Ọwọ́ fún Ẹni Tí Ojú Rẹ̀ Ń Ṣe Bàìbàì ní Àjàṣẹ́

Aago tí mo tò ni Apple Watch SE onípele kejì, èyí tó jáde ní 2022, oní-mìlímítà 44. Bàbá kan ládùúgbò Ouando níbí ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ló ni ín. Glaucoma, àrùn tó ń jí ìríran lọ díẹ̀díẹ̀, ti pa ojú òsì wọn. Ojú ọ̀tún ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ àti nǹkan ńlá tó bá sún mọ́ wọn. Pọ́tábù wọn jẹ́ iPhone 11 tòkunbọ̀, wọ́n sì ti mọ VoiceOver, ohùn tó ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ sókè, lò lórí rẹ̀, lédè Faransé. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò pọ̀: kí wọ́n mọ iye tí aago lù láìbi ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má gbàgbé oògùn ojú, kí pọ́tábù má máa sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú ilé, kí wọ́n sì lè rìn dé títì kí wọ́n padà. A kò ra áàpù kan ṣoṣo. Èyí tó wúlò jù fún afọ́jú ti wà nínú aago yìí látilẹ̀; títò ni iṣẹ́ wà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ aago wò. Apple Watch kì í bá Android ṣe. Ẹni tó ń lo Tecno, Infinix tàbí Samsung, aago Wear OS ni kó wá, bíi Galaxy Watch4 ti 2021 àtàwọn tó tẹ̀ lé e, nítorí TalkBack, tó ń ṣe irú iṣẹ́ VoiceOver, wà nínú wọn. Ní ti àwọn aago pọ́ọ́kú tó kún ọjà, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò ní ohunkóhun tó lè ka ojú aago sókè. Ẹ wọ ibi Paramètres (ibi ìtòlẹ́sẹẹsẹ) rẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á, kí ẹ wá Accessibilité (ìrànwọ́ fún aláìlera). Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a padà fún un, ì báà ṣe ọ̀fẹ́ ló fẹ́ fún yín.

Ohun tó ń gbé owó àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ lọ jù ni ìdè ẹni tó kọ́kọ́ ni aago. Bí onítọ̀hún kò bá tú u kúrò lára iPhone tirẹ̀ kó tó tà á, aago á máa béèrè kọ́ọ̀dù rẹ̀ ni, pípa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́ kò sì ní tú ìdè náà. Ohun tí mo ṣe ni pé ìdí àtẹ ẹni tó ń tà á ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í so aago mọ́ pọ́tábù. Ìgbà tó kọjá ibi tí ìdè ti máa ń yọjú ni a tó kówó sílẹ̀. Èyí tó ní GPS nìkan ló tó wa. Pọ́tábù ni yóò máa wá nẹ́tíwọ̀kì, kò sí ìdí láti fi owó kún un nítorí èyí tó ní ìlà tirẹ̀.

Láti tan án, mo tẹ bọ́tìnì pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì dúró. Kì í fọhùn títí yóò fi jí tán, ibẹ̀ sì ni ẹni tí kò ríran ti lè rò pé ó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan, mo tẹ bọ́tìnì roboto, èyí tó dà bí ibi tí a ti ń wáyìn aago àtijọ́, lẹ́ẹ̀mẹta léraléra bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. VoiceOver dáhùn. Bí kò bá dáhùn, ẹ ti yá jù ni. Ẹ dúró sí i, kí ẹ tún un tẹ̀. Pọ́tábù á wá ní kí a kọjú kámẹ́rà sí aago. Ẹ tẹ́ aago sórí tábìlì, kí ẹ gbé pọ́tábù sókè orí rẹ̀ díẹ̀, ohùn á sọ fún yín tó bá ti rí i. Iná yàrá wọn kò mọ́lẹ̀ tó, kámẹ́rà kò sì rí i, la bá gba ọ̀nà kejì: aago ka nọ́ńbà mẹ́fà, a tẹ̀ wọ́n sórí pọ́tábù, ó parí. Bí ó bá ní òun fẹ́ gba ètò tuntun, kí bátìrì rẹ̀ tó ìdajì ó kéré tán, kó wà lórí ṣáájà, kí pọ́tábù wà nítòsí, kí Wi-Fi má sì já. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ tí iná lè lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo yí padà ni ètò àwọn áàpù. Bó ṣe wá, wọ́n kóra jọ bí afárá oyin, ẹni tó ń fi etí wá nǹkan á sì ṣì wọ́n. Mo sọ wọ́n di ìlà kan láti òkè sísàlẹ̀, ní ìtẹ̀lé ábídí. Mo tún yọ gbogbo nǹkan wẹ́wẹ́ kúrò lójú aago. Agogo, ọjọ́ àti bátìrì nìkan ló kù.

Báyìí ni a ṣe ń fi ìka lò ó pẹ̀lú VoiceOver. Ẹ fa ìka kan sí ọ̀tún, ohùn á ka ohun tó kàn. Sí òsì, èyí tó kọjá. Ẹ kàn án lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, ó ṣí. Ìka méjì lẹ́ẹ̀kan, ohùn dákẹ́. Ìka Bàbá nípọn, ojú aago sì kéré, wọ́n sì ń ṣi fífa ìka ṣe. Mo ní, “Bàbá, ẹ fi ìka méjì kàn án lẹ́ẹ̀mẹta.” Láti ìgbà náà, bọ́tìnì roboto ni wọ́n ń yí láti inú nǹkan kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n ti ń wáyìn aago láti ọjọ́ pípẹ́, ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n. Ní ti bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò: ẹ fi ìka méjì kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má gbé wọn kúrò ní ẹ̀ẹ̀kejì, kí ẹ wá fà wọ́n sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí á máa rò pé ohùn aago rẹ̀ ti kú.

Mo pa èyí tó ń mú kí aago sọ̀rọ̀ nígbàkigbà tí ọwọ́ bá gbéra. Bàbá máa ń gbé ọwọ́ láti kí èèyàn, wọ́n ń gbé e láti ṣàdúà, kò sì yẹ kí ohùn Faransé máa jáde nínú apá aṣọ wọn ní mọ́ṣáláṣí. Dípò rẹ̀, mo tan èyí tó ń fi lílù sọ iye tí aago jẹ́. Ó wà ní Réglages (ibi ìtòlẹ́sẹẹsẹ aago), lábẹ́ Horloge (aago). Ibẹ̀ kan náà ni ẹ ó ti rí sísọ aago sókè, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní kó máa tẹ̀ lé ipò ìdákẹ́jẹ́. Bí ẹ bá ní kó máa sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo, lílù náà kò ní ṣiṣẹ́. Bí aago bá ti wà ní ìdákẹ́jẹ́, ẹ fi ìka méjì lé ojú rẹ̀ kí ẹ sì mú sùúrù. Á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ọrùn ọwọ́ yín.

Oríṣi mẹ́ta ló ní. Àkọ́kọ́ ń ka gbogbo rẹ̀: ìlù gígùn fún wákàtí mẹ́wàá-mẹ́wàá, kúkúrú fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tó ṣẹ́kù, lẹ́yìn náà gígùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, kúkúrú fún ìyókù. Bí ẹ bá jí lóru ní 3:42, ẹ ó gbọ́ kúkúrú mẹ́ta. Ó dákẹ́ díẹ̀. Gígùn mẹ́rin, kúkúrú méjì. Oríṣi kejì ń gé e kúrú: gígùn fún wákàtí márùn-ún-márùn-ún, kúkúrú fún ìyókù, lẹ́yìn náà gígùn kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ̀ọ̀kan. 8:30 àárọ̀ á jẹ́ gígùn kan, kúkúrú mẹ́ta, gígùn méjì. Ẹ̀kẹta ni ti Morse, àmì àtijọ́ tí wọ́n fi ń tẹ wáyà. Èkejì ni Bàbá mú. Wọ́n di ojú, wọ́n fi ìka méjì sí i, ètè wọn ń mì bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà, wọ́n ní, “Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti lù.” Wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú tèmi, èyí nìkan tó owó aago náà, nítorí kò gba etí, kò sì gba ọwọ́ tó di ọ̀pá funfun mú.

Oògùn ojú ló tẹ̀ lé e. Glaucoma kì í dá ohun tó ti mú lọ padà. Oògùn náà ń ṣọ́ ìyókù ni, kí ìfúnpá inú ojú má pọ̀ jù. Ẹ̀kán kan tí wọ́n bá gbàgbé kì í dùn wọ́n, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti gbàgbé. Ìgò méjì ni dókítà kọ fún wọn, 7:00 àárọ̀ àti 7:00 alẹ́. Mo ṣí Santé, áàpù ìlera, lórí pọ́tábù, mo wọ Médicaments (oògùn), mo fi ọwọ́ kọ orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, mo fi wákàtí sí i. Bí àsìkò bá tó, aago á lu ọwọ́, á dárúkọ oògùn, Bàbá á sì dáhùn pé àwọn ti lò ó. Ẹ má fún oògùn méjèèjì ní wákàtí kan náà. Ó yẹ kí ìṣẹ́jú márùn-ún wà láàárín wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìkejì á ṣan àkọ́kọ́ dànù kúrò lójú. Mo fi ìkejì sí 7:05, ó sì tán síbẹ̀. Láti mọ ìgò yàtọ̀ síra, a we rọ́bà lẹ́ẹ̀mejì mọ́ ọrùn ti 7:05. Aago kò lè bá wọn ṣe ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ èdè gba àsìkò. Mi ò rí Yorùbá láàárín àwọn ohùn tó wà níbẹ̀, Faransé la sì lò. Ohùn Faransé kò mọ àmì abẹ́ tàbí àmì ohùn wa. Bí ẹ bá kọ Adéṣínà sínú pọ́tábù, ohun tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó ń jẹ́ ẹ gan-an kò ní dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n àwa níbí ti ní ìkọ̀wé mìíràn lọ́wọ́, èyí tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ wa: Adéchina, Chègoun. Mo tún gbogbo orúkọ inú pọ́tábù Bàbá kọ bẹ́ẹ̀. Ohùn náà wá ń pè wọ́n débi tí etí gbà, Siri, olùrànlọ́wọ́ tí a ń fi ẹnu pàṣẹ fún, pàápàá ń gbọ́ “appelle Adéchina” tó sì ń pè é. Bí wọ́n bá fẹ́ rántí ohun kan lédè Yorùbá, Dictaphone ni: wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n tún un gbọ́. Èdè kò ní ohun tí yóò fi í ṣe.

Ní ti ìrìn, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Plans, áàpù máàpù, máa ń fi ìlù sọ ibi tí a ó yà: ìlù méjìlá tó ń lọ déédéé fún ọ̀tún, méjì-méjì lẹ́ẹ̀mẹta fún òsì nínú èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀; àwọn ètò tuntun ti fi dídún kún un. Ó wúlò lójú títì ńlá. Nínú vọ́n, ìyẹn ọ̀nà àdúgbò, tí kò lórúkọ, GPS lè fi mítà mélòó kan ṣìnà, mítà mélòó kan náà sì ni ilé aládùúgbò. Nítorí náà Boussole, áàpù atọ́nà ìhà, ni mo gbára lé jù. A dúró sẹ́nu géètì Bàbá, a fi àmì síbẹ̀, a kọ orúkọ rẹ̀ ní Maison (ilé). Láti ibikíbi, aago á sọ ìhà tí Maison wà àti bó ṣe jìnnà tó. Ẹ má lo okùn aago tó ní mágínẹ́ẹ̀tì, ó lè yí atọ́nà náà lórí. Inú Boussole kan náà ni ohun tó ń rántí ojú ọ̀nà tí ẹ bá rìn wà, kó lè mú yín padà sórí ẹsẹ̀ yín. Ibi tí kò sí Wi-Fi ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ń gbé ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń lọ oko á gbádùn rẹ̀ ju ará Ouando lọ. Aago kò rí gọ́tà tí kò ní ìdérí, kò rí ọ̀kadà tí wọ́n dá dúró sẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀pá funfun ló rí wọn. Ẹ má sì fi nǹkan dí etí méjèèjì nítorí pé ẹ fẹ́ gbọ́ ohùn aago níbi tí ọkọ̀ pọ̀ sí.

Pọ́tábù tó sọnù: ẹ tẹ bọ́tìnì pẹlẹbẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá ibi tó ń pe pọ́tábù, á dún, bó bá tiẹ̀ wà ní ìdákẹ́jẹ́. Ìṣubú: bí ẹ bá fi ọjọ́ ìbí tó kọjá ọdún 55 sí i, aago á máa ṣọ́ ọ fúnra rẹ̀, bí ẹni náà bá ṣubú gidi tí kò mira fún bí ìṣẹ́jú kan, aago á gbìyànjú láti pe nọ́ńbà pàjáwìrì, kó sì ránṣẹ́ sí àwọn tí ẹ kọ sínú Santé. Nọ́ńbà ọmọ Bàbá méjì ni mo kọ síbẹ̀. Pọ́tábù gbọ́dọ̀ wà nítòsí kí èyí tó ṣeé ṣe.

Fún ojú ọ̀tún tó ṣì ń rí díẹ̀, mo gbé ojú aago tí nọ́ńbà rẹ̀ gba gbogbo àyè síbẹ̀, mo sì sọ lẹ́tà di ńlá tó nípọn. Ohun tó ń fa ojú aago tóbi tún wà, ó lè tó ìlọ́po 15, àmọ́ lórí nǹkan tó kéré báyìí, ẹ ó máa rí ìdajì lẹ́tà kan ni. Bàbá kò fẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ní aago kò lù mọ́. Okùn rẹ̀ ló tú sílẹ̀ jù. Bí aago bá ń yọ̀ lọ́wọ́, ó máa ń rò pé wọ́n ti bọ́ òun, á ti ara rẹ̀ pa, gbogbo ìròyìn á sì padà sórí pọ́tábù. Mo fa okùn náà sí ihò kan sí i: kó di ọwọ́ mú, kí ìka kan lè kọjá lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú agbára díẹ̀.

Bátìrì rẹ̀ kò kọjá nǹkan bíi wákàtí 18, nítorí náà alaalẹ́ ni ó ń gba iná. A so wáyà ṣáájà mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a jẹ́ kí orí rẹ̀ tó rí pẹlẹbẹ wà lófo. Ní ìdákẹ́jẹ́, aago kì í dún bó bá ti ń gba iná, Bàbá kò sì ní mọ̀ bóyá ó ti gbé e dáadáa. Wọ́n á gbé e sókè díẹ̀: bí orí ṣáájà bá tẹ̀ lé e, ó ti mú un. Wọ́n á tún kàn án kó ka iye bátìrì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iná wà lára ògiri.